Ta Ni Ará Ìsàlẹ̀ Odò Máa Fẹjọ́ Sùn?

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí níbi ìpàdé àwọn ọmọ ìlú ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá, mo sì fi ìbéèrè tó yí ọ̀rọ̀ náà padà síbi tó ti wáyé gan-an.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ Aláre, ẹ kú ìkàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹsẹ̀ inú tọ Odò Ọ̀ṣun. Ìgèdè-Èkìtì ló ti sun. Ó gba ìhà Ìjẹ̀ṣà, ó dé Òṣogbo, ó bọ́ sí Aṣéjìíre níbi tí wọ́n ti fi dáàmù sé e kí Ìbàdàn lè rí omi mu. Lẹ́yìn náà ló wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tiwa, kó tó lọ já sínú ọ̀sà níhà Ẹ̀pẹ́. Títí di oṣù kìíní ọdún 1976, ìpínlẹ̀ méjì péré ló ni gbogbo ọ̀nà yẹn: ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àti Èkó. Lónìí, márùn-ún ni: Èkìtì, Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó. Odò ò gùn sí i. Àwa la fi ìwé gé e sí wẹ́wẹ́.

Kí ni gígé yẹn ṣe fún wa? Gbogbo yín lẹ ti rí bí omi náà ṣe pọ́n bí ẹrẹ̀ ní Òṣogbo nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, n kò ní tún ìyẹn rò. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò ni pé nígbà tí wọ́n ń fún àwọn awakùsà láṣẹ, kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí wọ́n pè pé, “Ẹ̀yin lẹ wà nísàlẹ̀, kí lẹ rí sí i?” Mo ti kọ lẹ́tà nígbà kan nípa omi tó bàjẹ́ létí oko wa. Ọ́fíìsì àkọ́kọ́ ní láti ìpínlẹ̀ kejì ni ìdọ̀tí náà ti wá, kí n lọ bá wọn níbẹ̀. Àwọn tọ̀hún ní oko mi kò sí ní ìpínlẹ̀ tiwọn. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń gbé ìwé lọ, gbé ìwé bọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe owó la kọ́kọ́ ṣaláìní, bí kò ṣe tábìlì tí ará òkè odò àti ará ìsàlẹ̀ odò yóò jọ jókòó sí.

Àwọn kan á ní tábìlì ti wà. Wọ́n á ní ṣebí Ogun-Osun River Basin, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí omi àwọn odò wa, ti wà láti 1976, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà l’Ábẹ́òkúta. Ó wà lóòótọ́, òun ló sì ń bójú tó dáàmù Ọ̀yán tí wọ́n parí ní 1983. Ṣùgbọ́n Abújá ló ń yan àwọn aláṣẹ rẹ̀. Kì í ṣe ibẹ̀ ni gómìnà márùn-ún ti ń dìbò lórí iye omi tó yẹ kó ṣẹ́ kù sódò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn mìíràn tún wà tó jẹ́ pé nígbà tí àbádòfin omi dé ilé aṣòfin ní nǹkan bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pariwo pé ìjọba àpapọ̀ fẹ́ gba ilẹ̀ etídò lọ́wọ́ wa. Mo wà lára àwọn tó pariwo, n kò sì kábàámọ̀. Àmọ́ nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ta ló gbé ètò tiwa kalẹ̀? Kò sí! Ẹni tó bá lé àlejò kúrò lóko, ó yẹ kó máa ro oko náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti odò Delaware l’Amẹ́ríkà, torí ó jọ tiwa. Ìpínlẹ̀ mẹ́rin ló pín in. Ìlú New York ló ń fa omi lókè odò náà, àwọn ará ìsàlẹ̀ bá gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ẹjọ́ dá ní 1931, ó tún dá ní 1954. Ìdájọ́ ti 1954 ní New York lè fa tó 800 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù lóòjọ́, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ máa tú omi sílẹ̀ kí odò má bàa fà ju ìwọ̀n kan lọ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ sú wọn, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1961: gómìnà mẹ́rin pẹ̀lú aṣojú ìjọba àpapọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan. Ẹ gbọ́, ìbò ti ìjọba àpapọ̀ kò ju ti gómìnà kan lọ!

Ọ̀dá wá dé. Ní 1965, New York dẹ́kun omi títú sílẹ̀, omi iyọ̀ láti òkun sì ń gòkè bọ̀ síbi tí ìlú Philadelphia, tó wà nísàlẹ̀ odò náà, ti ń fa omi mímu. Bí kò bá sí tábìlì yẹn, ilé ẹjọ́ ni wọn ì bá tún sáré lọ, omi iyọ̀ ì bá sì ti wọ páìpù kí adájọ́ tó jókòó. Ìgbìmọ̀ yẹn kéde pàjáwìrì, wọ́n jọ pín ìyà náà láàárín ara wọn, odò sì ń ṣàn.

Mo ṣì fẹ́ sọ nípa igbó Ọmọ àti àwọn awayanrìn nígbà tí ìyá kan tó ń ta omi dìde láti ẹ̀yìn.

“Ẹ jọ̀ọ́, bùọ̀dá,” ìyá náà ní, “ta ló ń mu omi odò mọ́? Omi ẹ̀rọ ò yọ ládùúgbò wa, bọhóòlù ni gbogbo wa gbẹ́. Kí ló kàn wá kan Ọ̀ṣun?”

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, nítorí ìbéèrè yẹn tóbi ju gbogbo ohun tí mo ti ń sọ lọ.

Mo ní: Mọ́mì, ilẹ̀ Àgọ́-Ìwòyè, àpáta ni lábẹ́. Omi kì í wọ inú àpáta lọ títí, inú ibi tó bá sán nìkan ló ń sá pamọ́ sí. Bí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ sápá ọ̀dọ̀ wa níbí, ẹ ó bá yanrìn tó nípọn. Òjò tó bá rọ̀ sórí yanrìn yẹn ń wọ́ lọ lábẹ́ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ìhà òkun. Odò ni, ojú ni kò rí i. Bí ará òkè bá da epo sílẹ̀, tàbí tó gbẹ́ ṣáláńgá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Bí gbogbo wa bá sì ń fà á láìwọ̀n ọ́n, ó ń jìn sílẹ̀ ni. Ẹni tí kò lówó tí yóò fi gbẹ́ jìn sí i, tirẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbẹ. Fún omi ti Ọ̀ṣun, a kàn ṣaláìní tábìlì ni. Fún ti abẹ́ ilẹ̀ yìí, a ò tíì ní àkọsílẹ̀ tí a ó gbé sórí tábìlì.

Alága ti ń fi aago hàn mí, torí náà mo sáré sọ ìyókù. Ká má dúró de ìpínlẹ̀ márààrún. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ bẹ̀rẹ̀ láàárín ara wọn, kí wọ́n pe Ẹ̀pẹ́ mọ́ra, torí Ìjẹ̀bú ni Ẹ̀pẹ́ bí Èkó tilẹ̀ mú un. Kí odò Yemọji ní Ìjẹ̀bú-Òde àti odò Ìbú ní Ṣágámù wà nínú ìwé kan náà. Kí ẹni tó ń fa omi tà san díẹ̀ fún àwọn tó fi igbó sílẹ̀ lókè odò.

Mo wá fa ìwé kan yọ, mo fà á sí ọ̀nà mẹ́ta: orúkọ àdúgbò, bí bọhóòlù yín ṣe jìn tó, oṣù tí omi rẹ̀ ń fà jù. Mo ní kí wọ́n gbé e káàkiri kí oúnjẹ tó dé. Ìyá alómi ló kọ́kọ́ gba bírò lọ́wọ́ mi.