Ìgbà Tí Ọ̀rẹ́ Mẹ́ta Bá Jọ Ń Dẹ̀gbẹ́

Ẹ̀yin bàbá mi ọlọ́dẹ, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo gbé wá: láàárín àwọn tó jọ ń dẹ̀gbẹ́, ọ̀gá ni ẹni tó mọ ìgbà tí kò yẹ kó yìnbọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹran tí à ń dẹ: àgbọ̀nrín ni. Orúkọ yìí náà ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì fún ẹran òkèèrè tí òùngbẹ omi ń gbẹ nínú Sáàmù 42. Akọ irú ẹran òkèèrè bẹ́ẹ̀ a máa já ìwo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún, òmíràn á sì hù. Àgbọ̀nrín igbó wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwo tó bá hù lórí akọ, òun ló máa bá a dọ́jọ́ ikú. Abo kì í sábà níwo. Àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, àmì funfun sì wà káàkiri ìhà rẹ̀. Òun nìkan ló sábà máa ń rìn, létí igbó tó kan oko. Bí ẹ̀rù bá bà á, a máa gbó bí ajá.

Iná orí ni a fi ń wá a lóru, kábáìdì láyé àtijọ́, tọ́ọ̀ṣì lónìí. Awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú ẹran tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi ń tàn yòò. Ojú ènìyàn kò ní in. Ṣùgbọ́n bí ẹran bá kọ ẹ̀yìn sí ọ, kò sí ojú tí yóò tàn. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá lóṣòó, kò sí ojú tí yóò tàn. Ewé ń mì, òkùnkùn ṣú: èwo ni ẹran, èwo ni ènìyàn?

Èyí ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Àwa mẹ́ta la lọ, a sì ti pín ibùdó kí a tó wọ igbó. Ewé mì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níwájú mi, mo ti na ìbọn. Ọkàn mi kò gbà á, mo bá fọn súfèé. Ohùn ọ̀rẹ́ mi ló dáhùn. Ẹ̀gún ló gún un, ó bẹ̀rẹ̀ ó ń yọ ọ́, ó sì ti ṣí kúrò níbi tí a fi í sí láìsọ fún wa. Ọta ṣakabùlà a máa tú ká; ká ní mo yìn ín ni, ì bá ti bà á. Ara mi gbọ̀n títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nítorí náà, kí súfèé ṣáájú ìbọn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣípò, kó fọn án. Ẹni tó gbọ́, kó dáhùn. Bí ẹ bá rí abo, ẹ jẹ́ kó lọ: oyún rẹ̀ tó oṣù mẹ́fà, ọmọ kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń bí.

Nígbà tí a tún lọ, a pa akọ kan. Wọ́n máa ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Kì í ṣe èmi ni mo pa á o, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀gún gún yẹn ló mú ọ̀bẹ, ó gé itan kan, ó sì gbé e fún mi kó tó pín ti ẹnikẹ́ni.