Bí A Ṣe Ń Ka Lẹ́tà Tí Ogun Dá Padà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Lẹ́tà àtijọ́ tí ogun dí lọ́nà, irú èyí tí àwọn tó ń kó lẹ́tà jọ máa ń rà, la fẹ́ jọ yẹ̀ wò lónìí. Ẹ má tíì ka sítáǹpù sí nǹkan kan. Ìrìn lẹ́tà náà là ń wá: ibi tó ti gbéra, ibi tó há sí, ẹni tó tú u wò, ẹni tó ní kó padà.

Mo ti fọwọ́, mo ti nù ún gbẹ. Tábìlì mọ́, kò sí ife omi nítòsí. Ìbọ̀wọ́ ò pọn dandan. Ọwọ́ lásán ń mọ etí ìwé tó ti gbó ju ìbọ̀wọ́ lọ.

Ó yá, ẹ wo iwájú rẹ̀. New York ni wọ́n ti fi ránṣẹ́, Paris ló ń lọ. Òǹtẹ̀ tó wà lórí sítáǹpù sọ pé oṣù kẹfà ọdún 1940 ni. Ẹ dúró síbẹ̀ ná. Ọjọ́ 14 oṣù yẹn, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni ọmọ ogun Jámánì wọ Paris. Nígbà tó di ọjọ́ 22, Faransé ti tọwọ́ bọ̀wé ìdáwọ́ ogun dúró. Ohun tí mo máa kọ́kọ́ ṣe nìyẹn: máa fa ìlà sí àárín bébà, máa kọ ọjọ́ ara lẹ́tà sí apá kan, máa kọ ọjọ́ ogun sí apá kejì. Bí ọjọ́ méjèèjì ò bá bára mu, ẹ má tíì náwó rà á.

Ó kan owó ìfiránṣẹ́. Sítáǹpù aláwọ̀ búlúù yìí, sẹ́ńtì 30 ni. Iye tí wọ́n ń gbà nígbà náà nìyẹn fún lẹ́tà tí kò ju ìdajì áúnsì, tí bàálù máa gbé láti Amẹ́ríkà lọ sí Yúróòpù. Ọkọ̀ ojú omi ì bá gbé e ní sẹ́ńtì 5. Bàálù Pan American tó ń balẹ̀ sórí omi ló ń kó irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ dé Lisbon, ní Portugal. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o: ohun tí ẹni tó kọ lẹ́tà fẹ́ ni owó ń sọ, kò sọ ibi tí lẹ́tà dé. Mo yí i padà báyìí, ẹ̀yìn mọ́ roro, kò sí òǹtẹ̀ Lisbon kankan. Ó ṣeé ṣe kó má kúrò ní Amẹ́ríkà rárá.

Ibi tó dùn rèé: òǹtẹ̀ "RETURN TO SENDER, SERVICE SUSPENDED" (ẹ dá a padà fún ẹni tó fi ránṣẹ́, iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ti dúró), pẹ̀lú àwòrán ọwọ́ tó ń nàka sí àdírẹ́sì ẹni tó fi ránṣẹ́. Amẹ́ríkà lo irú òǹtẹ̀ yìí gan-an. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ sára àwọn lẹ́tà tó ń lọ sí Philippines àti Hong Kong lẹ́yìn tí Japan gbógun dé ní oṣù kejìlá ọdún 1941. Lára ti Gẹ̀ẹ́sì ẹ máa rí "NO SERVICE" (kò sí iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́), ti Faransé "RETOUR À L'ENVOYEUR" (ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́), ti Jámánì "ZURÜCK" (ó padà).

Àwọn tó ń tú lẹ́tà wò náà ní àmì tiwọn. Ìwé àlẹ̀mọ́ tí wọ́n kọ "OPENED BY EXAMINER" (ayẹ̀wò ló tú u) àti nọ́ńbà rẹ̀, P.C. 90, sí, ti Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ti Jámánì ní "Geöffnet" (wọ́n ti tú u), álífábẹ́ẹ̀tì kékeré kan sì máa ń sọ ìlú tí wọ́n ti tú u: b ni Berlin, c ni Köln, d ni München, e ni Frankfurt, g ni Vienna. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí àlẹ̀mọ́ yẹn kúrò láéláé, bó ti wù kó burẹ́wà tó.

Àwọn kan wà tí wọn ò ní àmì tó hàn síta. Nígbà ogun náà, ilé iṣẹ́ ìrìn àjò Thomas Cook ń bá àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ ọ̀tá gba Lisbon, àdírẹ́sì èsì sì ni P.O. Box 506. Bí ẹ bá rí lẹ́tà tó ní àdírẹ́sì yẹn nínú òkìtì lẹ́tà olówó pọ́ọ́kú, ẹ mú un kíá. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju èyí tí òǹtẹ̀ bò mọ́lẹ̀ lọ. Ti ìdótì Paris ní 1870 sí 1871, nígbà tí ọmọ ogun Jámánì yí ìlú náà ká, náà ńkọ́? "Paris par Moulins (Allier)" ni wọ́n kọ sára àwọn lẹ́tà tí wọ́n dé mọ́nú bọ́ọ̀lù síńkì, tí wọ́n sì jù sínú odò Seine kí omi lè gbé wọn wọ Paris. Ìkankan ò wọ ìlú títí ìdótì fi parí. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n ń rí díẹ̀ fà jáde.

Ayédèrú wá ńkọ́? Lẹ́tà gidi tí kò níye lórí ni wọ́n sábà máa ń wá, wọ́n á wá gbẹ́ òǹtẹ̀ "SERVICE SUSPENDED" tuntun, wọ́n á lù ú sí i. Ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo yíǹkì náà: ṣé orí ìdọ̀tí àtijọ́ ló jókòó sí? Ṣé ó ṣàn wọnú ibi tí bébà ti ya? Ẹ tún bi í léèrè pé báwo ló ṣe mọ̀nà ilé. Bí kò bá sí àdírẹ́sì ẹni tó fi ránṣẹ́ lára rẹ̀, ilé ìfìwéránṣẹ́ ní láti tú u kí wọ́n tó lè mọ ẹni tó ni ín, a sì gbọ́dọ̀ rí ojú ibi tí wọ́n ti tú u.

Ìtọ́jú ò le. Ọ̀rá polyester ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe irú ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní PVC, torí PVC ń ba ìwé jẹ́. Ẹ má lo sẹ́lótéèpù, ẹ má rẹ sítáǹpù sómi kẹ́ ẹ lè yọ ọ́. Ara bébà tí ò ní áàsìdì ni kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù kọ àlàyé sí, kì í ṣe ara lẹ́tà.

Ẹ wo àlàyé tí mo kọ fún èyí: "New York sí Paris, oṣù kẹfà 1940. Owó bàálù, sẹ́ńtì 30. Wọ́n dá a padà, iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ti dúró. Kò sí òǹtẹ̀ ọ̀nà." Mi ò fi nǹkan kan kún un.