Ohun Tí Àwọn Adájọ́ Fọ́tò Ń Sọ Nígbà Tí Ẹ Kò Sí Níbẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin onífọ́tò. Láti ìgbà tí mo ti ń bá wọn ṣe adájọ́ ìdíje, ìbéèrè kan náà ni àwọn àbúrò mi nínú iṣẹ́ yìí máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, fọ́tò mi dáa, kí ló dé tí wọn ò mú un?" Ó ṣeé ṣe kó dáa lóòótọ́. Fọ́tò tó dáa ló máa ń kún iwájú wa lọ́jọ́ ìdájọ́.

Ní ìpele àkọ́kọ́, yíyọ là ń yọ, a ò tíì máa yàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò lè wà nílẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lójú wa kí a tó tẹ "ó dúró" tàbí "ó lọ". Oòrùn tó ń wọ̀ lórí ọ̀sà, ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, ọwọ́ arúgbó tó hunjọ: kó tó di ọ̀sán, a ti rí irú wọn bíi ogójì. Ohun tó máa ń dá ọwọ́ wa dúró ni èyí tí a kò retí, bóyá ibi tí ayàwòrán lọ dúró sí tí ẹlòmíì ò ronú kàn, bóyá ìṣẹ́jú kan tí kò ní padà wá mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Kò sí fọ́tò tó ń gba ẹ̀bùn àfi bí ẹnì kan nínú wa bá gbẹnu sọ fún un. Ẹni yẹn kì í sábà mọ orúkọ yín, torí àwọn ìdíje ńlá máa ń fi orúkọ pamọ́ fún adájọ́. Kò mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta lẹ fi sùn sínú ọkọ̀ kí ẹ tó rí i yà. Fọ́tò àti àlàyé abẹ́ rẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ fọ́tò tí Sodiq Adelakun Adekola, ọmọ Nàìjíríà, fi gba ẹ̀bùn ẹkùn Áfíríkà nínú World Press Photo, ìdíje àgbáyé fún fọ́tò ìròyìn, ní 2022. Bàtà ló yà: bàtà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé Bethel Baptist ní Kàdúná, tí àwọn agbébọn jí lé ní 100 gbé nínú wọn ní oṣù Keje 2021. Ẹ gba àlàyé abẹ́ rẹ̀ kúrò, ó di bàtà lásán. Ẹ dá a padà, àyà á já yín.

Ní ti ọ̀wọ́ fọ́tò tó ń sọ ìtàn kan, World Press Photo ń gba láti 4 dé 10. Bí 6 bá ló lágbára, ẹ fi 6 ránṣẹ́. Èyí tó rọ jù nínú wọn ni àwọn tí kò fẹ́ ìtàn yín máa dì mú. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì bá yín yàn wọ́n, torí ojú tiyín ṣì ń rántí òógùn.

Ọ̀rọ̀ òtítọ́ ló ń dùn mí jù. Ní 2017, nínú ìdíje Wildlife Photographer of the Year ti Natural History Museum ní London, fọ́tò kan láti Brazil gba ẹ̀bùn: òkìtì ọ̀gán tí kòkòrò ń tan iná wínníwínní sí lára lóru, ẹranko ajẹkán kan sì ń bọ̀ wá jẹun nídìí rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan ta wọ́n lólobó. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì márùn-ún fi ẹranko inú fọ́tò wé òkú ajẹkán kan tí wọ́n kì nǹkan sí awọ rẹ̀ nínú kó lè dúró bí alààyè, tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àlejò ní Emas, ọgbà ìpamọ́ ẹranko igbó, níbi tí wọ́n ti ya fọ́tò náà. Àmì ara wọn bára mu, irun wọn bára mu. Ayàwòrán náà ní òun ò ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gba ẹ̀bùn náà padà.

Ẹ má rò pé irọ́ ńlá nìkan ni wọ́n ń wá. Ní 2010, World Press Photo gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnì kan nítorí pé ó pa ẹsẹ̀ kan tó yọ díẹ̀ lẹ́yìn fọ́tò rẹ́. Ní 2015, bíi ìdá 20 nínú 100 àwọn fọ́tò tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìpele ìkẹyìn ni wọ́n yọ, torí pé fáìlì àkọ́kọ́ láti inú kámẹ́rà kò bá èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ mu. Lónìí, ìka kan ló máa pa ẹsẹ̀ yẹn rẹ́ lórí fóònù. Nítorí náà, ẹ tọ́jú fáìlì RAW yín, ìyẹn èyí tí kámẹ́rà kọ́kọ́ yà tí ẹ kò tíì tún ṣe. Ẹ má sì gba fọ́tò tí ẹ fẹ́ fi díje lórí WhatsApp bí ẹ ṣe ń gba fọ́tò òde. Ó máa ń fún un kéré, ó sì máa ń bọ́ àkọsílẹ̀ ọjọ́ àti kámẹ́rà kúrò lára rẹ̀.

Ẹ ka òfin ìdíje dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Mo ti fọwọ́ sí ọ̀kan rí láì kà á tán. Fọ́tò mi di ìpolówó ọjà lórí pátákó ojú títì, wọn ò fún mi ní kọ́bọ̀.

Níbi ìpàdé kan tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí a dé ibi ìbéèrè, ọ̀dọ́bìnrin kan dìde. Ó ní ìdíje méjì ti yọ fọ́tò òun, ṣé kí òun ṣì fi ránṣẹ́ síbòmíì? Mo ní kó fi ránṣẹ́, mo ti rí fọ́tò tí ìbò kan ṣoṣo lé lọ. Ó fi hàn mí lórí fóònù: ìyá kan nídìí agbada àkàrà ní ìdájí, èéfín bo ìdajì ojú rẹ̀. "Alákàrà, Ìbàdàn" ni gbogbo ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀. Mo bi í bóyá ó mọ orúkọ ìyá náà. Ó mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń jí ní aago mẹ́rin òru, àti pé owó àkàrà yẹn ló fi rán ọmọ mẹ́ta lọ sí iléèwé.

Mo ní, "Àbúrò mi, gbogbo èyí tí o sọ yìí, àwọn adájọ́ ò rí i kà."

Ó ti ń kọ ọ́ sórí fóònù kí n tó gbé gbohùngbohùn fún ẹni tó kàn.