Ta Ni Àlejò Náà?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi Bọ́sẹ̀ yín náà ni, láti Calgary, níbi tí yìnyín ti bo gbogbo ọkọ̀ tó wà níta mọ́lẹ̀ láti òru àná. Láàárọ̀ yìí, mo fi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbọn yìnyín kúrò lórí ọkọ̀ kan kí n tó mọ̀ pé ti ará ilé kejì ni. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi.

Mo ti ṣèlérí pé n óò ròyìn bá a ṣe ṣe àádọ́rin ọdún Màámi ní Badagry ní Disẹ́ńbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gba ohùn mi sílẹ̀ tí mo sì pa á rẹ́. Lẹ́ẹ̀kíní, mo ń sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo ẹ̀ dùn. Lẹ́ẹ̀kejì, mo bú sẹ́kún, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó kú. Ẹ jẹ́ ká wo tòní.

"Ẹ kọ́kọ́ gbé ti àlejò wa fún un."

Ohun tí Màámi sọ nìyẹn. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ wá ti dé pẹ̀lú àwo ẹja ńlá, ó ń wò yíká pé ta ni kóun gbé e síwájú ẹ̀, ni Màámi bá nawọ́ síhà ọ̀dọ̀ mi, ó sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà bá bojú wẹ̀yìn. Mo fi Ọlọ́run búra, mo bojú wẹ̀yìn, mò ń wá àlejò! Mo rò pé bóyá pásítọ̀ ló dé, tàbí ọ̀rẹ́ Màámi kan láti ọjà. Ẹ̀yìn mi, iyanrìn ni, òkun ni, àti ajá kan tó sùn sábẹ́ igi àgbọn. Nígbà tí mo fi máa yíjú padà, àwo ẹja ti wà níwájú mi.

Ọ̀nà Badagry ńkọ́? Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni? Mile 2, Okokomaiko, àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró bí ẹni pé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ti wá sílé gbogbo wa. Ẹ jẹ́ ká fò ó. Ká ṣáà ti dé.

Àmọ́ n ò lè fo èyí. Bá a ṣe ń lọ sí etí ọ̀sà láti wọ ọkọ̀ ojú omi, àbúrò mi ọkùnrin ń wakọ̀, ó ń fọwọ́ júwe. "Àǹtí mi, ẹ wo ibi tí igi Agia wà tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìhìnrere ní 1842. Àǹtí mi, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà nìyẹn, 1845 ni wọ́n parí ẹ̀." Mo ní hẹn-ẹn. Mo ní ó mà dáa o. Èmi! Èmi tí olùkọ́ fi pàṣán nà torí pé mo sáré lórí àkàsọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn nígbà tí wọn ò tíì bí i! Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Kò ṣàwàdà.

Òun náà ló mú ibi tá a ti jẹun, ní Gberefu, ní òdìkejì ọ̀sà, níbi tí òkun gan-an wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀tàn, ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gberefu. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ òkun, tí wọn kì í padà wá. Kànga kan wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń rìn. Wọ́n ní ẹrú tó bá mu omi ẹ̀ máa gbàgbé ilé. Mo bá àbúrò mi jà lórí WhatsApp. Mo ní ṣé ibi tí wọ́n ti kó àwọn èèyàn lọ ló yẹ ká ti lọ máa jẹ ẹja? Ó ní, "Àǹtí mi, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ náà ń jẹun lójoojúmọ́." N ò rí èsì fọ̀. Títí di báyìí, n ò tíì rí i.

Ibẹ̀ sì dára. Imọ̀ àgbọn ni wọ́n fi bo orí ilé oúnjẹ náà, atẹ́gùn ń fẹ́, òkun ń bú. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ ń bá àwọn ará ilé mi sọ Ègùn, ó ń bá Màámi sọ Yorùbá. Nígbà tó kàn mí, òyìnbó ló sọ sí mi. Mo dá a lóhùn ní Yorùbá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún sọ òyìnbó.

Mo mọ̀ yín, mo ti ń gbọ́ yín látibí. "Bọ́sẹ̀, ọ̀wọ̀ ni wọ́n bù fún ẹ. A kì í fi ọ̀rọ̀ àlejò ṣeré nílẹ̀ wa." Ẹ ṣeun. Èmi náà mọ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń fún àlejò: àga tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò mì, àwo tí kò sán, ife tí wọ́n ń tọ́jú sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ọmọ ilé ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín: nínú ilé tí wọ́n bí yín sí, ta ni wọ́n ń rán níṣẹ́? Ṣé àlejò ni wọ́n ń rán lọ ra ata? Nígbà tí mo wà ní kékeré, orúkọ mi kì í sinmi lẹ́nu Màámi. Bọ́sẹ̀, bomi wá. Bọ́sẹ̀, lọ wo ìkòkò yẹn kó má jóná. Bọ́sẹ̀, ṣé ojú ẹ fọ́ ni, o ò rí i pé bàbá ẹ ò ní ṣíbí? Mo máa ń sunkún. Mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ n dàgbà, kó gbé mi lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rán mi níṣẹ́ mọ́.

Àṣé Ó ń gbọ́.

Àwa mọ́kànlá la jókòó lọ́jọ́ yẹn. Omi tán lórí tábìlì, mo dìde. Àwọn mẹ́ta ló pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Àǹtí, ẹ jókòó!" Mo jókòó. Ìyàwó àbúrò mi ló dìde, ọmọ tó jẹ́ pé orí fóònù nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ó lọ tààrà síbi tí wọ́n kó omi sí, kò sì bi ẹnikẹ́ni. Màámi ò tiẹ̀ wojú ẹ̀. Ẹ gbọ́, ìyẹn ló dùn mí jù: pé Màámi ò wojú ẹ̀. Èèyàn kì í wojú ọmọ ilé tó bá ń bomi.

Ẹ wá wo ẹja náà. Ọ̀bọ̀kún ni, wọ́n yan án, ata ṣuru lórí ẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá wa ti lọ, Màámi ló ni orí ẹja nílé wa. Kò sẹ́ni tó ń bá a dù ú. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, á fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, á fa egungun mu, tó bá fi máa gbé e sílẹ̀, ológbò ò ní rí nǹkan kan lá. Lọ́jọ́ ìbí ẹ̀, lójú gbogbo wa, ó ṣẹ́ orí ẹja, ó gbé e sínú àwo mi. "Jẹ ẹ́, o ò ní rí irú ẹ̀ lọ́hùn-ún." N ò sì mọ̀ ọ́n jẹ! Mo ń wo ojú ẹja, ẹja ń wo ojú mi. Egungun há mi lọ́fun, wọ́n ní kí n gbé ẹ̀bà mì.

Ẹnì kan máa ní, "Owó ló ń dùn ẹ́." Ọ̀rọ̀ owó rèé. Oòrùn ti ń wọ̀, ọlọ́kọ̀ ojú omi ti ń kígbe pé òun ò ní dúró di alẹ́, mo pe ọmọbìnrin yẹn pé èló lowó wa. Mo ti ṣẹ́ náírà sílẹ̀, ó wúwo nínú báàgì mi bí òkúta. Ó ní wọ́n ti sanwó. Ta ni? Ó fẹnu nà án. Àbúrò mi ń fọwọ́, kò wo ọ̀dọ̀ wa. Iṣẹ́ títún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ló ń ṣe o! Ìyàwó ẹ̀ ló wá sọ fún mi nígbà tó yá pé láti oṣù kẹje làwọn ti ń dá àjọ fún ọjọ́ yẹn.

Ẹ ní ó yẹ kínú mi dùn. Inú mi dùn! Ta ló ní kò dùn? Mo dì mọ́ àbúrò mi. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́yìn odi bíi tèmi, ẹ má parọ́ fún mi. Láti ọdún mẹ́rìnlá, n ò sí níbi ìkómọ, n ò sí níbi òkú, owó ni mò ń fi ránṣẹ́. Owó yẹn ni àga mi nínú ilé yẹn. Èmi àti Màámi jọ mọ̀ bẹ́ẹ̀, a ò kàn sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí wọn ò gba owó mi, orí kí ni mo fẹ́ jókòó lé?

Màámi gbàdúrà fún un títí ọlọ́kọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Mo ṣàmín. Nígbà tá a fẹ́ wọ ọkọ̀, èmi ló sún mọ́ Màámi jù. Ó gbé báàgì ẹ̀ sókè, mo nawọ́ láti gbà á, ó gbé e kọjá lórí ọwọ́ mi sí àbúrò mi. "Rọra o, ilẹ̀ ń yọ̀," ó ní. Èmi ló ń bá wí.

N ò sọ nǹkan kan títí mo fi padà síbí. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá lèmi àti Màámi jọ sọ ọ́, lórí fídíò. Ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ wọn, oòrùn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á.

"Torí orí ẹja?"

"Màámi, kì í ṣe torí orí ẹja."

Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àwọn ará àdúgbò.

"Bọ́sẹ̀."

"Mà."

"Òùngbẹ ń gbẹ mí. Lọ bomi wá."

Mo dìde, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo lọ sí kíṣìnì, mo fa omi ẹ̀rọ sínú ife, mo gbé e wá síwájú fóònù, mo tiẹ̀ kúnlẹ̀. Màámi wò ó dáadáa.

"Ó tutù jù," ó ní. "Gbé e padà."