Woosnam, Lyle, àti ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ẹni tó ti lọ síwájú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi. Yálà inú bọ́ọ̀sì ni ẹ wà ní London, tàbí ẹ ń dáná lọ́wọ́ ní Houston, ẹ kú làálàá. Èmi nìkan ni mo wà níbí lónìí, mi ò gba àlejò. Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀fù ni mo gbé wá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ò rí ti gọ́ọ̀fù rò, àmọ́ ẹ ní sùúrù fún mi.

Ní ọdún 1978, ọmọkùnrin òyìnbó kan tó jẹ́ ẹni ogún ọdún wá sí Èkó, ó gbá gọ́ọ̀fù ní Ìkòyí, ó sì gba ife Nigerian Open lọ. Sandy Lyle ni orúkọ rẹ̀. Ife àkọ́kọ́ tó gbà nìyẹn láti ìgbà tó ti sọ gọ́ọ̀fù di iṣẹ́ òòjọ́. Kì í ṣe òun gan-an ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ni, tí wọ́n jọ dàgbà ní agbègbè kan náà, tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ nígbà yẹn. Ian Woosnam.

Ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn, 1958. Lyle dé ní oṣù kejì, Woosnam dé ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta. Shropshire ni wọ́n ti dàgbà, létí ààlà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Wales. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pàdé níbi ìdíje àwọn ọmọdé, Lyle ló sì máa ń ṣáájú. Bàbá Lyle ń fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ jẹun ní Hawkstone Park, orí pápá ni ọmọ náà lajú sí. Àgbẹ̀ ni bàbá Woosnam. Ọmọ àgbẹ̀ yìí ń wa katakata, ó ń gbé ìdì koríko gbígbẹ, ó sì kúrú: ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 4 àbọ̀ ni gbogbo gíga rẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ oko ti fún un lápá. Títí ó fi dàgbà, àwọn tó ń wò ó máa ń ṣe kàyéfì pé níbo ni agbára yẹn ń gbà jáde lára ènìyàn kúkúrú báyìí.

Wrexham ni mò ń gbé, ní àríwá Wales, ibẹ̀ ò jìnnà síbi tí Woosnam ti kọ́ gọ́ọ̀fù. Mo ti dé ibẹ̀. Llanymynech ni wọ́n ń pe ìlú náà, orí òkè ni pápá gọ́ọ̀fù rẹ̀ wà, ààlà sì gba inú pápá yẹn kọjá. Ihò 15 wà ní Wales, 3 wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tí o bá dé ihò kẹrin, Wales lo máa dúró sí gbá bọ́ọ̀lù rẹ, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo máa lọ gbá a sínú ihò. Kò sí odi, kò sí àwọn aṣọ́bodè. Koríko kan náà ni, afẹ́fẹ́ kan náà ló ń fẹ́ ọ lójú.

Ilé ìwòsàn ní Oswestry, lápá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí Woosnam. Àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Wales, Wales ló sì gbá gọ́ọ̀fù fún títí ayé rẹ̀. Lyle náà, Shrewsbury ni wọ́n bí i sí, Scotland ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, Scotland ló sì ṣojú fún nígbà tó di ọ̀gá. Ọmọ Shropshire méjì, ìkankan nínú wọn ò dúró lórí ibi tí wọ́n ti gé ìwọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin mi tí mo bí síbí ti bi mí léèrè ọ̀rọ̀ yìí rí, mo sì sọ ìtàn àwọn méjèèjì fún un. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀, ọjọ́ mìíràn la máa tú u wò dáadáa.

Ọdún 1976 ni Woosnam bẹ̀rẹ̀ sí í fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́. Kò rí bátànì rẹ̀ mú rárá. Ó ń wa ọkọ̀ tí wọ́n tẹ́ ibùsùn sí kiri ilẹ̀ Yúróòpù láti ìdíje kan sí òmíràn, inú rẹ̀ ló ń sùn, inú rẹ̀ ló ti ń dáná, ẹ̀wà inú agolo ló sì ń jẹ. Ẹ̀wà o! Ẹni tó bá ti gbé yàrá kan ṣoṣo ní ìlú òyìnbó rí mọ irú oúnjẹ tí mò ń wí. Àwọn ọdún yẹn náà ni Lyle gba Èkó, tí ó sì ṣe ipò kìíní nínú gbogbo àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ní Yúróòpù lẹ́ẹ̀mejì, ní 1979 àti 1980. Ìwé ìròyìn kan náà ni àwọn méjèèjì ń kà. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ẹ jọ ń díje lọ́mọdé, àwòrán rẹ̀ ló wà lójú ìwé, ìwọ sì wà nínú ọkọ̀ lẹ́bàá títì, o ń fi síbí fa ẹ̀wà jáde nínú agolo.

Ohun tó mú mi wá síbi ẹ̀rọ yìí nìyẹn. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, tí gbogbo wọn bá ti sùn, mo máa ń jókòó sí kíṣìnì, mo máa ń ṣí WhatsApp ẹgbẹ́ iléèwé wa. Láìpẹ́ yìí, ẹni tí èmi àti ẹ̀ jọ pín bẹ́ǹṣì gbé àwòrán ilé rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù rẹ̀ tán. Páànù aláwọ̀ ewé ni, oòrùn ń kọ mànà lára rẹ̀, káfíńtà kan ṣì jókòó téńté sí góńgó òrùlé pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ ń kí i. Èmi náà kí i, mo sì kí i tinútinú. Lẹ́yìn náà ni mo wo ilẹ̀ tèmi tó ṣì wà ní fáúndéṣọ̀n, koríko ti bò ó.

Wọ́n á ní kí ènìyàn má wo aago aláago ṣiṣẹ́. Mo ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà, lẹ́nu òbí àti lórí pẹpẹ ìwàásù. Mi ò gba ọ̀rọ̀ yẹn tán mọ́. Woosnam wo aago Lyle. Ó wò ó dáadáa. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé ọmọ Shropshire lè dé ibẹ̀. Tí ó bá jẹ́ ọmọ London tàbí ọmọ Amẹ́ríkà ló ń gba ife wọ̀nyẹn, ọmọ àgbẹ̀ lè sọ pé ayé wọn yàtọ̀ sí tòun. Kò rí bẹ́ẹ̀ sọ nípa Lyle. Ó mọ ọwọ́ Lyle, ó mọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mọ irú bọ́ọ̀lù tó máa ń ṣì gbá.

Ọdún 1982 ni Woosnam tó rí ife ńlá àkọ́kọ́ gbà, Swiss Open. Ọdún mẹ́fà! Ó gba Zambia Open ní 1985, ó gba Kenya Open ní 1986. Ọdún 1985 yẹn náà ni Lyle tún lọ gba The Open, ọ̀kan nínú àwọn ife mẹ́rin tó ga jù nínú gọ́ọ̀fù, èyí tí ọmọ Bìrìtéènì kankan ò tíì gbà láti 1969.

Ìgbà náà ni 1987 wá dé. Woosnam gba ife márùn-ún ní Yúróòpù lọ́dún yẹn nìkan. Níbi ìdíje World Match Play ní Wentworth (ẹni méjì ló ń kojú ara wọn níbẹ̀, ẹni tó bá gba ihò tó pọ̀ jù ló borí), tó ti wà láti 1964 tí ọmọ Bìrìtéènì kankan ò gbà á rí, Woosnam dé àṣekágbá. Ta ló bá níbẹ̀? Lyle. Woosnam sì fi ihò kan ṣoṣo nà án. Oṣù kan lẹ́yìn náà, wọ́n lọ gbá World Cup ní Hawaii, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹni méjì. Woosnam àti David Llewellyn dúró fún Wales. Wales àti Scotland jọ parí ní ọgbọọgba, wọ́n ní láti gbá sí i kí wọ́n tó mọ ẹni tó ni ín. Lyle tún wà lápá Scotland. Wales ló gbé ife náà lọ.

Ohun kan wà nínú 1987 tí kò dùn mọ́ mi, mi ò sì ní fò ó. Woosnam lọ gbá gọ́ọ̀fù ní Sun City, ní South Africa, ó gba mílíọ̀nù kan dọ́là. Nígbà yẹn, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì wà lórí oyè níbẹ̀, Nàìjíríà sì ti kọ̀ láti lọ sí ìdíje Commonwealth ní Edinburgh ní 1986 nítorí ọ̀rọ̀ yẹn kan náà. Ọ̀pọ̀ eléré ló kọ owó Sun City. Woosnam ò kọ̀ ọ́. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí gan-an, àmọ́ ó wù mí kó kọ̀ ọ́.

Ní 1988, Lyle gba Masters, òmíràn nínú àwọn ife mẹ́rin yẹn, ní Augusta ní Amẹ́ríkà, òun ni ọmọ Bìrìtéènì àkọ́kọ́ tó gbà á. Ó tún ti lọ! Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, oṣù kẹrin 1991, Woosnam dé Augusta gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà sí ipò kìíní lágbàáyé. Ihò tó kẹ́yìn ló kù, òun, Tom Watson àti José María Olazábal sì wà ní ọgbọọgba (ẹni tí iye ìgbá rẹ̀ bá kéré jù ló ń borí). Olazábal wọ kòtò iyanrìn, ó pàdánù ìgbá kan. Bọ́ọ̀lù Watson wọ àárín igi. Woosnam fa ọ̀pá tó gùn jù nínú àpò rẹ̀ yọ, ó sì fi gbogbo apá oko yẹn gbá bọ́ọ̀lù náà, ó fò kọjá lórí kòtò iyanrìn tó wà lápá òsì, ó lọ balẹ̀ sórí pápá ìdánrawò níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà. Ibẹ̀ ló ti gbá a dé etí ibi tí ihò wà, ó sún un mọ́ ọn, ìwọ̀nba ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ ló kù. Tí ó bá wọlé, tirẹ̀ ni. Ó wọlé. Ó tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ju ẹ̀ṣẹ́ sókè. Títí di òní, òun nìkan ni ọkùnrin Wales tó tíì gba ọ̀kan nínú àwọn ife mẹ́rin tó ga jù nínú gọ́ọ̀fù.

Kí ẹ má rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Ní 2001, ó ti di ẹni 43 ọdún, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń dùn ún láti ọdún pípẹ́, ó wà lára àwọn tó ń ṣáájú ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn The Open ní Royal Lytham. Ihò àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n dé ìbẹ̀rẹ̀ ihò kejì ni kádì rẹ̀, ẹni tó ń bá a gbé àpò ọ̀pá, sọ fún un pé ọ̀pá 15 ló wà nínú àpò. Òfin ní kó má ju 14 lọ. Ìyà rẹ̀ ni pé wọ́n fi ìgbá méjì kún iye tirẹ̀. Ó bínú, ó ju ọ̀pá náà sínú igbó, ihò kẹta àti ìkẹrin bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kó tó wá gbára dì padà. Òun àti àwọn márùn-ún mìíràn ló jọ pín ipò kẹta. Tí wọn ò bá fi ìgbá méjì yẹn kún un, òun nìkan ni ì bá wà ní ipò kejì. Kò sì lé kádì náà lọ lọ́jọ́ yẹn. (Ọ̀sẹ̀ bíi méjì lẹ́yìn náà tí kádì yẹn sùn gbàgbé, tí kò wá síbi iṣẹ́, ìyẹn ló lé e fún.) Kí ọdún yẹn tó parí, Woosnam tún gba World Match Play, ife tó gbà níwájú Lyle ní 1987.

Lyle ńkọ́? Lẹ́yìn 1988, ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀. Ní 1989, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má mú òun sínú ikọ̀ Ryder Cup, ìdíje tí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà máa ń bá ara wọn gbá. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á. Ní 2006, wọ́n fi Woosnam ṣe olórí ikọ̀ Yúróòpù fún Ryder Cup ní Ireland, Yúróòpù sì na Amẹ́ríkà ní 18½ sí 9½. Lyle wà lára àwọn tó bá a ṣe olùrànlọ́wọ́. Ẹni tó ti ń nà án láti kékeré jókòó tì í, ó ń bá a wo pápá. Tí ẹ bá bi mí, èmi fẹ́ràn ìyẹn ju Augusta lọ.

Wọ́n ti kọ orúkọ àwọn méjèèjì sínú World Golf Hall of Fame, níbi tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn akọni gọ́ọ̀fù. Lyle ní 2012, Woosnam ní 2017. Lyle tún fi ọdún márùn-ún ṣáájú rẹ̀.

Ó dáa, iṣẹ́ ń dúró dè mí. Ọ̀rẹ́ mi tó kan páànù yẹn, mo pè é lọ́jọ́ kejì. Mo bi í pé eélòó ló ra igi òrùlé, ta ló bá a rà á, ṣé wọn ò rẹ́ ẹ jẹ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi láìfi nǹkan kan pamọ́, ó tún fi nọ́ńbà káfíńtà yẹn ránṣẹ́. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa pè é.