Aṣọ Olówó Pọ́ọ́kú: Ibo Ló Ń Parí Sí?

Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀wù olówó pọ́ọ́kú tó kún ìgboro báyìí, ẹ yí inú rẹ̀ síta, kẹ́ ẹ wo ojú rírán rẹ̀. Télọ̀ àdúgbò máa ń fi bí íǹṣì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, torí ó mọ̀ pé oníbàárà òun lè sanra lọ́la. Ti ilé iṣẹ́ ńlá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ wífìn ti gé etí aṣọ náà ku tíńtín. Bó bá ya, kò síbi tí abẹ́rẹ́ máa dì mú. Òmíràn ni wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ rà.

Ẹ wá fa fọ́nrán kan yọ lára rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀mú dì í mú lókè àwo omi, kẹ́ ẹ ṣáná sí i. Òwú gidi á jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á sì rọ̀. Bó bá ń súnkì, tó ń yọ́, tó wá di kóró dúdú líle, pọ́líẹ́sítà ni. (Ẹ má fọwọ́ kan án o, ó máa ń lẹ̀ mọ́ awọ ara.) Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ohun kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ike tí wọ́n ń rọ omi mímu sí. Kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Ìgbàkigbà tẹ́ ẹ bá sì fọ̀ ọ́, fọ́nrán rẹ̀ tíntìntín ń bá omi ọṣẹ lọ sí gọ́tà, ó ń dé odò, ó ń dé òkun, ẹja ń gbé e mì.

Síbẹ̀, ọwọ́ òwú náà ò mọ́. Omi tí tí-ṣẹ́ẹ̀tì kan ń gbà, láti oko dé ṣọ́ọ̀bù, tó nǹkan bíi lítà 2,700. Oko òwú ni ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì darí omi odò Amu Darya àti Syr Darya sí láti nǹkan bí ọdún 1960, tí adágún Aral ní àárín gbùngbùn Éṣíà fi gbẹ débi pé ọkọ̀ ojú omi jókòó sórí iyanrìn. Èyí tó tún burú ni àdàlù òwú àti pọ́líẹ́sítà nínú aṣọ kan ṣoṣo, torí ó ṣòro láti yà wọ́n sọ́tọ̀ kí wọ́n tó lè fi wọ́n hun aṣọ tuntun.

Owó tí a kò san ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn kan ti bá wa san án. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2013, ògiri Rana Plaza, ilé alájà mẹ́jọ ní Savar nítòsí Dhaka ní Bangladesh, sán. Báǹkì àti àwọn ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ tilẹ̀kùn. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ aṣọ tó wà lókè ní káwọn òṣìṣẹ́ padà wá lọ́jọ́ kejì. Iná lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ tó wà lókè, ilé náà wó. Èèyàn 1,134 ló kú, nǹkan bí 2,500 ló fara pa. Kí ló ń lé àwọn ọ̀gá náà? Oníbàárà òkè òkun ti dá ọjọ́ fún wọn. Ẹni tó bá pẹ́, wọ́n lè gé owó rẹ̀, tàbí kó fi àpò ara rẹ̀ san owó ọkọ̀ òfuurufú tó máa gbé ẹrù náà.

Bí aṣọ náà bá wá sú ẹni tó rà á, bẹ́ẹ̀lì ló ń wọ̀. Ní Kantamanto, ọjà aṣọ àlòkù ní Accra, bẹ́ẹ̀lì kan sábà máa ń wọn nǹkan bíi kílò 55. Oníṣòwò á sanwó kó tó tú u, kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Àkọ́ṣà ló ń pa owó wálé. Èyí tó ya, tó lábàwọ́n tàbí tó ti fà, gbèsè ni. Òjò ń gbá èyí tí kò tà lọ sí ọ̀sà Korle, ìgbì á sì lọ́ ọ pọ̀ sí etíkun.

Lọ́dọ̀ tiwa, òfin Nàìjíríà kò gba aṣọ àlòkù láàyè láti wọlé, àmọ́ ó ń gba Cotonou wá títí dé ọjà Katangowa l'Ékòó. Òkìríkà ti bo àṣírí ọ̀pọ̀ ìdílé, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ohun tó wà nínú bẹ́ẹ̀lì ló ti yí padà. Bí tí-ṣẹ́ẹ̀tì olówùú bá tiẹ̀ gbó, mẹkáníìkì á rà á, á fi nu ọwọ́ àti ẹ́ńjìnnì. Pọ́líẹ́sítà kì í fa omi, ó sì ń yọ́ lára irin gbígbóná, nítorí náà mẹkáníìkì kì í fẹ́ ẹ.