Pápá Kan, Onílé Méjì: Simba àti Yanga

Ẹ wo pápá yìí dáadáa. Àga 60,000 ló wà níbẹ̀. Pápá Benjamin Mkapa nìyí, ní ìlú Dar es Salaam ní Tàǹsáníà. Ìjọba ló ni ín, ọdún 2007 ni wọ́n ṣí i. Ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè náà ń lò ó, ṣùgbọ́n kó tó di pé ẹsẹ̀ ò gbèrò níbẹ̀ gan-an, àfi kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Simba àti Yanga pàdé.

Àdúgbò Kariakoo kan náà ni méjèèjì ti wá. Ọdún 1935 ni Yanga bẹ̀rẹ̀, Simba tẹ̀ lé e ní 1936. Sunderland ni wọ́n ń pe Simba tẹ́lẹ̀ o! Ọdún 1971 ni wọ́n di Simba, ìyẹn kìnnìún ní èdè Swahili. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kojú ara wọn, apá kan pápá á pọ́n wẹ̀ẹ̀, ti Simba nìyẹn. Apá kejì á dà bí ewé tútù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, ti Yanga.

Ta wá ni onílé, ìyẹn ikọ̀ tó ń gba èkejì lálejò? Ìwé ètò eré líìgì ló ń sọ ọ́. Yanga lè jẹ́ onílé lónìí, tó bá ṣe díẹ̀ ó kan Simba. Ṣé ẹ mọ ọmọ ìyá méjì tó jọ ń gbé ilé kan, tí ẹnì kan wá ní kí èkejì máa kan ilẹ̀kùn? Ibẹ̀ nìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Oṣù kẹta 2025, Yanga lonílé. Àlejò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi pápá náà gbára dì ní ọjọ́ tó ṣáájú eré. Simba débẹ̀, wọ́n ní wọn ò jẹ́ káwọn wọlé. Ilẹ̀ mọ́, Simba ní àwọn ò gbá mọ́. Ó di June 25 kí wọ́n tó gbá a. Yanga borí pẹ̀lú 2-0, wọ́n sì gba ife líìgì.

Yanga náà kì í gbà fún ẹnikẹ́ni. May 8, 2021, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló yẹ kí eré bẹ̀rẹ̀, wọ́n sún un sí méje. Yanga ní márùn-ún làwọn mọ̀. Wọ́n dé ní márùn-ún lóòótọ́, wọn ò rẹ́ni bá gbá a, wọ́n bá tirẹ̀ lọ.

Jíjẹ́ onílé ò tiẹ̀ gba èèyàn lọ́wọ́ ìyà. November 5, 2023, Simba lonílé. Yanga lù wọ́n 5-1.